Pèrègún Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Gbìn Sétí Àbàtà

Lásísì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Mo mọ̀ pé inú àwọn ẹbí kò ní dùn pé orúkọ rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé. Kí inú wọn má dùn. Inú tèmi náà kò dùn fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sì sẹ́ni tó wá bá mi sọ ọ́. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣí ilẹ̀kùn tí gbogbo wọn gbà wọlé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá lẹ́nu rẹ̀: kí ó sọ òtítọ́ nípa ohun tó ní kí n ṣe, kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tó kú.

Iṣẹ́ ewé ni mo ṣe. Kì í ṣe ewé àgbo o. Ewé eéran ni, ewé fífẹ̀ tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, tí àwọn olóbì sì fi ń wé obì kó má baà gbẹ. Ọmọ yunifásítì kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi ní Ìbà bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ewé? Ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe ewé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. N kò sọ pé kí ẹ ṣe tèmi. Kò tilẹ̀ sí ibi tí ẹ ti lè ṣe é mọ́.

Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo yege, bàbá mi sì kú lọ́dún náà. Ẹ jẹ́ kí n fo èyí. Ìyá mi mú mi lọ bá Ìyá Sábítíyù, tí gbogbo Ọ̀jọ́ àti Ìbà ń pè ní Ìyá Eléwé. Obìnrin náà wò mí látòkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí bàtà kánfáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Èyí kàwé, àbí?"

Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò burú. Àbàtà kì í lé akọ̀wé. Ṣùgbọ́n bọ́ bàtà ẹ."

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn Ìbà ni àbàtà náà wà, ó ṣẹ́rí lọ sọ́nà Ọ̀tọ̀-Àwórì. Bí ẹ bá wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ óò rò pé ìrọ̀lẹ́ ni, nítorí igi ńláńlá ti fi orí kọ́ra lókè. Eéran kò fẹ́ oòrùn. Abẹ́ òjìji ló ti ń rú. Ilẹ̀ tútù bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Èso pupa kan máa ń so nídìí ewé náà, mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá lá a, tí ẹ wá fi ọsàn kíkan lé e, oyin ni ọsàn yẹn yóò dà lẹ́nu yín. Ẹ̀tàn tó dára jù lọ tí mo mọ̀ nìyẹn. Èyí tó burú ń bọ̀ níwájú.

Àwọn ọkùnrin ń dẹ ìgèrè fún ẹja àrọ̀ nínú omi ibẹ̀, àwọn mìíràn ń dá ẹmu ọ̀gọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé ń pa akàn, gbogbo ìlú sì ń pọn omi níbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Àwa obìnrin la ni ewé. Bí mo bá ní àwa la ni ín, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé agbọ̀n ni.

Ọdún kan gbáko ni Ìyá Eléwé kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Mo ń la ìko tí a fi ń di ìdì ewé, mo ń wọ́n omi sí i kó má rọ, mo sì ń fi orí rù ú dé ọjà Ọ̀jọ́. Bí mo bá béèrè pé ìgbà wo ni n óò gé ewé, yóò ní, "Ìgbà tí o bá yé béèrè." Nígbà tó wá fún mi lọ́bẹ, òfin ló fi tẹ̀ lé e. Èyí tó ti là ni kí n gé. Kí n fi èyí tó ṣì ká jọ sílẹ̀. Kí n fi méjì tó là sílẹ̀ fún ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ìyá ewé lè rí nǹkan fi mí. N kò gbọdọ̀ gé igi tó ń ṣíji, bó ti wù kí ẹ̀ka rẹ̀ dí mi lọ́nà tó.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gé ìdí kan láìṣẹ́kù, nítorí ojú ń kán mi. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba agbọ̀n lórí mi, ó da gbogbo ewé inú rẹ̀ sómi.

"Láàárọ̀ ọ̀la, wá síbí. Kí o wo ìdí tí o gé yìí, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi."

Mo lọ. Mo ní, "Ìyá, n kò rí nǹkan kan."

"Ó dáa. Tún lọ lọ́la."

Báyìí ni mo ń lọ láràárọ̀, tí mo ń lóṣòó bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò, tí àwọn obìnrin tó kù ń gé tiwọn kọjá lára mi, tí wọ́n ń kí mi pé mo kú ìdúró ọmọ. Òjò pa mí níbẹ̀. Ẹ̀fọn jẹ mí. Ó tó ọjà mélòó kan kí n tó sáré padà wá.

"Ìyá, mo rí ohun kan bí ẹnu abẹ́rẹ́!"

"Abẹ́rẹ́ yẹn ni oúnjẹ wa lọ́dún tó ń bọ̀. Mú ọ̀bẹ ẹ."

Mo ti jókòó níwájú olùkọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, torí mo lọ gba díplómà nírọ̀lẹ́ ní yunifásítì nígbà tí mo ti di ìyá ọmọ. Wọ́n kọ́ wa bí igbó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. Mo dákẹ́, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Òfin kan kù, òun ló sì fa ọ̀rọ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pèrègún ni ẹlẹ́rìí wa láyé àtijọ́. Bí bàbá kan bá pín oko fún ọmọ rẹ̀, yóò gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó parí. Bàbá yóò kú, ọmọ yóò kú, pèrègún yóò ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín sétí àbàtà. Mo bi Ìyá Eléwé ní ìdí rẹ̀. Ó ní:

"Ẹni tó bá gbin pèrègún síbí ti sọ ọ́ di ẹrù. Ohun tó bá sì ti di ẹrù, ẹnìkan á gbé e."

Mo rò nínú ara mi pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ìwé wà lórí mi.

Ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí Lásísì tó dé. Èmi ni igbákejì Ìyá Eléwé nígbà náà. Èrò ti ń pọ̀ ní Òkòkómáíkò, ilé ti ń súnmọ́ Ìbà, àwọn àlejò tí kò mọ òfin sì ti ń wọ àbàtà. Wọ́n ń fa eéran tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n ń sun etí igbó láti gbin ẹ̀gẹ́. Lára ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Lásísì mọ̀. Ó wọ aṣọ funfun wá sílé mi lọ́jọ́ kan, ó fi bébà nu àga kó tó jókòó.

"Àkọ̀wé eléwé! O kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé àwọn àjèjì ń fìyà jẹ yín."

"Bọ̀ọ̀dá Lásísì, ẹ ò rí nǹkan. Wọ́n fẹ́ pa igbó yẹn run."

"Ohun tó mú mi wá nìyẹn. Gbin pèrègún yí i ká. Àjèjì ò mọ òfin yín, àmọ́ ó mọ pèrègún. Bó bá ti rí i, á mọ̀ pé ibẹ̀ ní olówó ẹ̀."

Mo ní Ìyá Eléwé kò ní gbà.

"Ìyá dà?"

Ìyá wà ní Àgbádárìgì, ó lọ tọ́jú Sábítíyù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Kó tó dé, o ti ṣe é tán. Èmi fúnra mi ni n óò ṣàlàyé fún un. Àbí kí la rán ẹ níléèwé fún, bí o ò bá lè fi ọpọlọ gbà wá?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń yin ọpọlọ yín nígbà tó bá fẹ́ lo ọwọ́ yín. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe é. Mo fi okùn wọn ibẹ̀, mo gé pèrègún lóko bàbá mi, mo gbìn wọ́n ní ẹsẹẹsẹ síbi tí omi kì í dé, mo tún yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Inú mi dùn. Ojú mi ni pèrègún yẹn ṣe yọ ewé. Nígbà tí Ìyá Eléwé padà dé, orúnkún ti mú un, kò lè rìn dé apá ibẹ̀ mọ́. Lásísì kò wá ṣàlàyé nǹkan kan. Èmi náà kò sọ, àwọn obìnrin tó kù sì rò pé òun ló ní kí wọ́n gbìn ín. Lójoojúmọ́ ni mo ń ní ọ̀la ni n óò sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́rin kọjá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni típà dé. A gbọ́ ariwo, a rò pé igi ló wó. Ìgbà tí a débẹ̀, wọ́n ti ń da yanrìn sórí eéran. Katapílà ti wó àwọn igi tó wà níwájú, oòrùn wá ń ràn sórí ilẹ̀ tí oòrùn kò kàn rí láti ìgbà ayé àwọn baba wa. Àwọn àkèré ń fò jáde lábẹ́ yanrìn, àwọn ọmọ tó ń wa típà ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Lásísì dúró láàárín wọn pẹ̀lú síwéyọ̀ kan, ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀, tó mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Eléwé rọ́jú fi ọ̀pá rìn débẹ̀. A gbà á lápá, ó já ara rẹ̀ gbà.

"Lásísì, ta ló ní kí wọ́n da yanrìn sómi?"

"Ìyá wa, ẹ má bínú. Ilẹ̀ ẹbí ni, ẹbí ló tà á. Ẹ ò rí ààlà ni? Pèrègún ló wà níbẹ̀ yẹn, síwéyọ̀ gan-an ti kọ ọ́ sínú ìwé."

"Ààlà? Létí àbàtà?"

Ó yíjú, ó rí wọn. Wọ́n ti ga ju èèyàn lọ nígbà yẹn, wọ́n tò lọ bí ọmọ iléèwé. Ó di ọ̀kan mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń fà á, pèrègún náà kò mira.

"Ta ló gbìn ín?"

Lásísì wò mí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ̀ lé ojú rẹ̀.

Ìyá pè mí lórúkọ, "Múínà?"

"Ìyá, Bọ̀ọ̀dá Lásísì ló ní kí n—"

"Èmi kẹ̀?" Lásísì là á mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin ará, ṣé èmi ni mo ń gé ewé ni? Kí ló kàn mí nínú àbàtà àwọn obìnrin?"

"Mo ní, ta ló gbìn ín?"

"Èmi ni, Ìyá."

Ó fi pèrègún sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìró, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tó ń rùn. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Bí mo bá lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Sábítíyù ọmọ rẹ̀ yóò jáde, yóò ní Ìyá ń sùn, bẹ́ẹ̀ mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé tó ń kí ẹlòmíràn. Kí ọyẹ́ ọdún náà tó parí, wọ́n ti sin ín. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé wò ó.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi sọ mí lórúkọ. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà, ọ̀kan yóò ké sí mi, "Ẹ kú ààlà o, àkọ̀wé!" Àwọn tó kù yóò rẹ́rìn-ín. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ti kú, n kò lọ síbi òkú ẹnikẹ́ni.

Nípàdé ẹbí, ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo sọ pé Lásísì ló ní kí n gbìn ín. Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún mi níwájú gbogbo èèyàn: "Ṣé mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ni? Orí ara rẹ̀ ló fi ṣe é." Àwọn àgbà yóò mi orí. Wọ́n ti jẹ lára ilẹ̀ náà, wọn kò lè la ẹnu.

Iṣẹ́ kò kúkú tán lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kó ewé wá láti Oǹdó, a ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ewé tó ti sun ọkọ̀, tí etí rẹ̀ ti pọ́n. Èmi tí mo ń gé tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń ṣà á. Mo gbé ọ̀bẹ mi kọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá náílọ̀nù dé, lẹ́yìn ọ̀rá ni agolo àti abọ́ rọ́bà. Obìnrin kan wà ní Òkòkómáíkò tó ń se mọ́ínmọ́ín, ogún ọdún ni mo fi gbé ewé fún un. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n má wulẹ̀ wá mọ́, pé ọ̀rá kì í ya. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ lẹ́yìn náà. Òórùn ọ̀rá ni.

Àwọn Hausa olóbì ní ọjà Alaba Rago nìkan ni kò fi mí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Màlámù Sání, sọ fún mi pé, "Màmá, obì nínú náílọ̀nù máa ń làágùn bí ẹni tó jalè. Ewé ló mọ bí a ṣe ń mú obì sùn." Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ǹ bá ti fẹ̀yìn tì tipẹ́.

Ṣùgbọ́n omi kò lọ. Ohun tí àwọn tó ra ilẹ̀ kò mọ̀ nìyẹn. Kànga Ìbà kọ́kọ́ yí àwọ̀, omi rẹ̀ ń rùn bí irin. Àrọ̀ tán. Àwọn tó ń dẹ ìgèrè di ọlọ́kadà, àwọn mìíràn di ọmọ ẹ̀yìn éjẹ́ǹtì ilẹ̀, wọ́n ń ta ìyókù. Nígbà òjò, omi tí igbó máa ń mu tẹ́lẹ̀ wá ń rìn láti yàrá dé yàrá. Olùkọ́ yunifásítì kan, ọmọ Èkìtì, tó kọ́lé síbẹ̀, wá bá mi pẹ̀lú ṣòkòtò tó ká dé orúnkún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ibí yìí. Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Omi ni, sà."

"Ìgbà wo ló lọ?"

"Kò lọ, sà. Yanrìn lẹ kọ́lé lé, òun ṣì wà lábẹ́ yín."

Ó rẹ́rìn-ín, n kò bá a rẹ́rìn-ín.

Lásísì pẹ̀lú kọ́lé síbẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan ni wọ́n fi ṣe ìpín tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ta ilẹ̀. Ní òjò tó kọjá yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá pè mí pé bàbá òun ń béèrè mi. Mo ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, òun ti lé ní ọgọ́rin dáadáa. Mo ká ìró mi sókè, mo la omi kọjá nínú àgbàlá rẹ̀. Ní igun ògiri, pèrègún kan dúró, ó ti nípọn bí itan. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni mo gbìn kẹ́yìn.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ni ó wà. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì náà lé búlọ́ọ̀kù, omi ń lọ lábẹ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ méjèèjì ń léfòó kiri bí pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ jáde.

"Àkọ̀wé eléwé."

"N kò ní ewé mọ́, Bọ̀ọ̀dá."

"O wá wo bí n óò ṣe kú?"

"Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè mí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé, ẹ dá mi lóhùn ohun kan. Ẹ ní ọmọkùnrin mẹ́rin. Ẹ ní ọwọ́ tiyín. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lẹ ní kí n gbin pèrègún?"

Mo rò pé yóò tún ní òun kò di ọwọ́ mi mú. Mo ti múra ìdáhùn mi sílẹ̀ láti ogójì ọdún, ó wà lẹ́nu mi, ó gbóná. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan nínú yàrá náà àfi omi. Ó wo omi ọ̀hún títí, kò wò mí, ó ní:

"Bí èmi bá gbìn ín, kó tó di ọ̀sán Ìyá Eléwé á ti fà á tu. Ìwọ nìkan ni kò lè fura sí láé. Ó ti sọ fún mi rí, lẹ́nu ara rẹ̀, pé bí òun bá kú, ọwọ́ ẹ ni òun fi àbàtà sí."